Iná Búréèkì: Ìtàn Iná Tí Ẹni Tó Gun Máṣíìnì Kì í Rí

Alẹ́ ọjọ́ kan ni. Òjò ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì ń bọ̀ láti Ìwó Road n'Ìbàdàn lórí máṣíìnì mi. Bọ́ọ̀sì kan dúró gbì níwájú mi láti já èrò sílẹ̀, èmi náà tẹ búréèkì. N ò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa tí mo fi gbọ́ gbàà lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ti fi imú gbá mi nídìí. Orí ló yọ mí, eré ọkọ̀ náà ti wálẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣubú, orúnkún mi bó, páànù tó bo táyà ẹ̀yìn sì ká wọnú.

Bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá mi gbé máṣíìnì dìde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti múra ìjà tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pa mí lẹ́nu mọ́: "Ọmọ mi, iná búréèkì rẹ ò tàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ti dúró?"

"Iná mi ń ṣiṣẹ́, sà." Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn máṣíìnì. Iná pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń tàn.

"Ó dáa, tẹ búréèkì."

Mo tẹ̀ ẹ́. Pupa tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló wà níbẹ̀, kò lé, kò dín.

"Iná ẹ̀yìn nìyẹn," ni bàbá wí. "Ti búréèkì ti kú. Ta ló mọ ìgbà tó ti kú?"

Òótọ́ ni, ta ló mọ̀? Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. N ò mọ nǹkan kan lára máṣíìnì tí òwe yìí bá mu tó iná búréèkì. Tí iná wájú bá kú, òkùnkùn á sọ fún ẹ. Tí họ́ọ̀nù bá dákẹ́, etí rẹ á gbọ́ pé kò dún. Iná búréèkì ni èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tó ń gbé kiri, tí kò sì ní fojú kàn án nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì ló wà fún. Ó lè kú lónìí kí ẹni tó gùn ún máa yan lọ fún oṣù mẹ́fà. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ìtàn iná yìí kiri: ibi tó ti wá, bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti ìdí tó fi jẹ́ pé òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú lára ọ̀kadà.

Alùpùpù àkọ́kọ́ ò ní iná kankan rárá. Ní 1885, ní Jámánì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ́ńjìnnì kékeré lé orí nǹkan tí wọ́n fi igi kàn, wọ́n fi táyà kékeré méjì ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ní 1894, àwọn Hildebrand àti Wolfmüller ní ìlú Munich bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù fún títà. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó tán, àfi kéèyàn wá àtùpà.

Àtùpà tí wọ́n wá ń lò nígbà tó yá ni ti kábáàdì. Omi á máa kán sórí kábáàdì, gáàsì á jáde, wọ́n á ṣáná sí i. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ àtùpà yìí dáadáa, òun ni wọ́n ń so mórí lọ sígbó lóru kó tó di pé tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé gba ipò rẹ̀. Iná kábáàdì mọ́lẹ̀, kò sí àní-àní. Àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ iná búréèkì láéláé, torí iṣẹ́ iná búréèkì ni kó tàn lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló fẹ́ máa yíjú sẹ́yìn ṣáná sí àtùpà lórí eré?

Nítorí náà, ọwọ́ làwọn èèyàn ń lò. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí a yí i sí apá ọ̀tún. Nínú àṣà ìwakọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dín eré kù á na ọwọ́ ọ̀tún síta, á máa gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń rọ ọmọdé pé kó fara balẹ̀. Fún ẹni tó jókòó sínú mọ́tò, kò burú. Ẹ wá wo ti ẹni tó gun alùpùpù. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, ọwọ́ ọ̀tún kan náà ló fi ń tẹ búréèkì iwájú. Ìgbà tó yẹ kó di búréèkì mú gírígírí, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa juwọ́ sí ará ẹ̀yìn. Tí mo bá rántí èyí, mo máa ń rò ó pé bóyá àwọn tó ṣòfin yẹn ò gun alùpùpù rí.

Ẹni tí ìtàn sábà máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ so búréèkì pọ̀ mọ́ àmì ẹ̀yìn kì í ṣe mẹkáníìkì. Òṣèré sinimá ni. Florence Lawrence lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kánádà tó di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí sinimá ò tíì ní ohùn. Ó fẹ́ràn mọ́tò bí nǹkan míì. Ní nǹkan bí ọdún 1914, ó ṣe pátákó kan sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ tí wọ́n kọ STOP sí. Tó bá ti tẹ búréèkì, pátákó náà á dìde fúnra rẹ̀. Kò lo iná níbẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ náà ló wà lẹ́yìn gbogbo ọ̀kadà tí ẹ ń rí lónìí: ẹsẹ̀ tó ń dá ọkọ̀ dúró náà ni kó sọ̀rọ̀ fún ará ẹ̀yìn, kí awakọ̀ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí. Kò gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì jẹ èrè kankan níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Charlotte Bridgwood, náà gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1917 lórí ẹ̀rọ tó ń nu gíláàsì iwájú mọ́tò. Ìyá àtọmọ, ẹ ò rí nǹkan.

Nígbà tí mọ́tò àti alùpùpù wá ní iná mànàmáná tiwọn, gílóòbù pupa gba ipò pátákó. Pupa náà ò ṣàjèjì sí wa. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1901, ti kọ́ àwọn bàbá-ńlá wa pé pupa túmọ̀ sí dúró.

Àmọ́ alùpùpù tó wá di tiwa gan-an, Jàpáàn ló ti wá. Ní 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde. Soichiro Honda ló ni ọgbọ́n ẹ́ńjìnnì, Takeo Fujisawa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ni ọgbọ́n ọjà. Ohun tí Fujisawa ní lọ́kàn ni àwọn ọmọ ilé oúnjẹ tó ń gbé soba lọ fún oníbàárà. Ó fẹ́ máṣíìnì tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ọwọ́ kan gùn, kó fi ọwọ́ kejì gbé àwo oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi kílọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, iye Super Cub tí wọ́n ti ṣe ti kọjá mílíọ̀nù 100. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá yín nípa Honda 50 àti C70, ẹ máa rí i bí ojú wọn á ṣe tàn. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tàbí Vespa ará Ítálì kì í ṣe ẹgbẹ́ẹ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ní 1979, Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ọ̀tà níbí.

Iná àwọn máṣíìnì àtijọ́ yẹn ò lágbára. Fóòtì 6 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Tí gílóòbù wáàtì 21 bá wà lórí fóòtì 6, áńpù 3.5 ló máa fà. Tó bá wà lórí fóòtì 12, 1.75 péré ni. Tí ìpata bá wá jẹ fóòtì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà wáyà, ẹni tó ní 12 á ṣì ní 11, ṣùgbọ́n ẹni tó ní 6 ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà. Nítorí náà, lára máṣíìnì ayé ọjọ́un, ìpata bíńtín ti tó láti sọ iná búréèkì di iná kòkòrò títàn-tàn. Lára ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú, búréèkì ẹsẹ̀ nìkan ló ní súwíìṣì iná. Tẹ búréèkì ọwọ́ títí, ará ẹ̀yìn ò ní mọ̀.

Ọdún 1986 ló yí gbogbo nǹkan padà. Lọ́dún yẹn, bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò tuntun ti 1986, òfin Amẹ́ríkà ní kí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ní iná búréèkì kẹta lókè, láàárín, lẹ́yìn ìgbà tí onímọ̀ ìhùwàsí kan, John Voevodsky, ti dán an wò lára àwọn takisí San Francisco ní àwọn ọdún 1970 tó sì rí i pé ó ń dín ìforígbárí kù. Lọ́dún kan náà, ìjọba Babangida gbé ètò Sáàpù dé ní Nàìjíríà. Náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun di ohun tí à ń wò nínú ìwé ìròyìn, iṣẹ́ ìjọba ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Níbi tí àwọn kan ti ń fi iná búréèkì kún iná búréèkì, àwa ń wá ohun tá a máa gùn.

Ohun tá a rí gùn ni máṣíìnì bàbá tíṣà. Àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó jáde ilé-ìwé tí wọn ò ríṣẹ́, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní ọ̀kadà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí òun náà sì gba orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo. Yẹ̀yẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ bí: ta ló nílò bàálù nígbà tí máṣíìnì ń fò kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Bàálù náà ti kógbá sílé. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń gbé èrò. Ní Bìní tó múlé gbè wá, wọ́n ń pè é ní zemidjan, àwọn Yorùbá Kétu àti Sakété náà ń gùn ún bí àwa ṣe ń gùn ún.

Bí máṣíìnì ṣe kúrò ní ọkọ̀ ìgbádùn tó di ọkọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni iná búréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. N ò mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀, mẹkáníìkì ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, rẹ́wáyà ló ni iná. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n yìí ò ju páànù mẹ́rin àti bẹ́ǹṣì kan lọ. Irinṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni tẹ́sítà: gílóòbù kékeré kan, wáyà méjì, ọ̀kan ní ẹnu bí ìpáǹpá, èkejì ní imú bí abẹ́rẹ́. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó bá mi pààrọ̀ gílóòbù.

"Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé gílóòbù ni?"

Ó ní kí n tan kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì. "Tẹ ti ọwọ́." Mo tẹ̀ ẹ́. "Tẹ ti ẹsẹ̀." Mo tẹ ìyẹn náà. Iná ò tàn. Ó ṣàlàyé fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, èmi náà sì gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́: ká ní ti ọwọ́ ń tanná tí ti ẹsẹ̀ ò tàn án ni, gílóòbù dáa, wáyà dáa, súwíìṣì ẹsẹ̀ ló níṣòro. Ìgbà tí méjèèjì bá kọ̀ pọ̀, ibi tí ọ̀nà wọn ti pàdé ló yẹ kéèyàn lọ wò. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ họ́ọ̀nù. Ó dún hẹ́ẹ̀, bí ewúrẹ́ tí òtútù mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan. Mo rò ó lẹ́yìn náà pé ó ti mọ ìdáhùn láti ìgbà yẹn, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ tú ìdérí pupa ẹ̀yìn. Ó ti gílóòbù wọlé díẹ̀, ó yí i, ó yọ ọ́. Òwú méjì ló wà nínú gílóòbù yẹn: wáàtì 5 fún iná ẹ̀yìn tó ń tàn ṣáá, wáàtì 21 fún búréèkì. Ó gbé e sójú oòrùn. Òwú méjèèjì wà, gíláàsì ò dúdú. Ó fi hàn mí pé àwọn etí kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀ ò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òwú kan sí ipò èkejì. "Àmọ́ àwọn kan máa ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Iná ẹ̀yìn wọn á wá máa tàn bí iná búréèkì. Tí wọ́n bá tẹ búréèkì, kò ní yàtọ̀."

Wọ́n fi sáńpéépà nu ojú ibi tí gílóòbù ń jókòó lé, torí ìpata máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Kò yí padà. Ọmọṣẹ́ fi ẹnu tẹ́sítà mú irin máṣíìnì, ó fi imú rẹ̀ kan ibi tí iná búréèkì ti ń wọ gílóòbù, ó ní kí n tẹ búréèkì. Tẹ́sítà pọ́n wẹ́rẹ́ bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú. Iná ń bọ̀, kò lágbára. Ó lọ sí súwíìṣì ẹsẹ̀, ó yọ wáyà méjèèjì rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Tó bá jẹ́ súwíìṣì ló bàjẹ́ ni, iná ì bá tàn nígbà yẹn. Kò tàn. Ó wá mú wáyà mìíràn, ó fà á láti ara ìdí gílóòbù lọ sí ẹnu bátìrì tààrà, kó fi mọ̀ bóyá ẹ́ẹ̀tì ni kò dé. Ẹ́ẹ̀tì yìí máa ń ṣini lọ́nà gan-an. Tó bá ti já, èèyàn á tẹ búréèkì, tiráfíkétọ̀ ni yóò máa pọ́n wẹ́rẹ́, tàbí kí iná ẹ̀yìn kú dípò kó lé. Ìyẹn náà kọ́.

"Ó ku kí lo fẹ́ wò?" ni ẹ̀gbọ́n bi ọmọ náà.

"Bátìrì, sà."

Wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́. Bátìrì mi ti gbẹ. Ètùtú funfun ti bo ẹnu rẹ̀ bí iyọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò lè jẹ́ bátìrì. Máṣíìnì mi ń ta. Iná wájú ń tàn, iná ẹ̀yìn ń tàn."

Ẹ̀gbọ́n ní kí n ta á. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Ó ní kí n di búréèkì mú, kí n wá fún un lépo. Mo fún un. Ọmọṣẹ́ tó wà lẹ́yìn pariwo pé iná ti tàn. Ó ní kí n jọ̀wọ́ epo. Iná kú.

"Ṣé o rí i? Tó o bá ń sáré, iná búréèkì rẹ á tàn. Tó o bá dúró, á kú."

N ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dẹ́rù bà mí bí ìyẹn nípa nǹkan tí mò ń gùn lójoojúmọ́.

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kéékèèké, ọ̀nà iná pín sí méjì. Mágínẹ́ẹ̀tò tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ń fún iná wájú àti iná ẹ̀yìn ní agbára tààrà. Púlọ́ọ̀gì náà ń rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà kejì gba ọ̀dọ̀ bátìrì: họ́ọ̀nù, tiráfíkétọ̀ àti iná búréèkì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ dáa. Ìgbà téèyàn ń dúró ni iná búréèkì wúlò, ìgbà yẹn sì ni ẹ́ńjìnnì ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí mágínẹ́ẹ̀tò ò lágbára. Bátìrì ló yẹ kó dìde níbẹ̀. Tí bátìrì bá ti kú, iná búréèkì á máa tọrọ lọ́wọ́ mágínẹ́ẹ̀tò, kò sì sí ohun tó máa rí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó nílò rẹ̀ jù. Tí eré bá wá pọ̀, tí kò sí bátìrì tó máa gba agbára náà mọ́ra, iná tó ya wọ gílóòbù lè pọ̀ jù, òwú rẹ̀ á já. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ gílóòbù lóṣooṣù tí wọ́n ń bú ẹni tó tà á.

Ìgbà yẹn ni ìtàn ọ̀kadà yé mi. Ẹsẹ̀ ni a fi ń ta máṣíìnì wọ̀nyí, mágínẹ́ẹ̀tò ló ń tan púlọ́ọ̀gì. Kò sí bátìrì, ó ń lọ. Ẹni tó gba máṣíìnì háyà pọ́ọ́ṣéèsì, tó gbọ́dọ̀ kó owó fún ẹni tó ni ín lálẹ́ kó tó ra búrẹ́dì relé, tí bátìrì rẹ̀ bá kú, kí ló máa sún un ra tuntun? Máṣíìnì ò dúró. Èrò ò sọ̀rọ̀. Họ́ọ̀nù tó dákẹ́ nìkan ló máa yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní ẹnu tó máa fi pariwo "ẹ yà o!" Iná búréèkì, ta ló ń rí i? Nígbà tí Jincheng ará Ṣáínà dé, tí Bajaj ará Íńdíà tẹ̀ lé e, tí máṣíìnì tuntun tún wọ́pọ̀, ìwà yẹn ti mọ́ni lára. Mo ti rí Bajaj tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi àyè bátìrì rẹ̀ kó aṣọ òjò sí.

Ìjọba náà ò fi bẹ́ẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ní 1988 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí òfin akoto bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà yẹn á rántí: àwọn ọlọ́kadà dé igbá, wọ́n dé ìkòkò, wọ́n dé ike ọ̀dà, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Èkó ṣòfin ní 2012 tó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475, wọ́n tún fẹjú mọ́ ọn ní oṣù Kejì 2020 àti oṣù Kẹfà 2022. Akoto, ọ̀nà, ìwé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti bá ọlọ́kadà fà. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dá máṣíìnì dúró kí wọ́n ní, "Jẹ́ ká wo iná búréèkì rẹ."

Ẹ̀gbọ́n bá mi so bátìrì tuntun. Owó rẹ̀ ju owó iṣẹ́ lọ dáadáa, mo sì kùn díẹ̀. Kó tó jẹ́ kí n lọ, ó fi ọwọ́ kan súwíìṣì ẹsẹ̀, ibi tí sípíríǹgì ti so ó mọ́ búréèkì. Ó di ara rẹ̀ mú kó má yí, ó wá yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí iná fi ń tàn kété tí búréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú. Ó ní tí sípíríǹgì bá le jù, iná á máa tàn láì tẹ búréèkì, ará ẹ̀yìn ò ní mọ ìgbà tí mò ń dúró, bátìrì tuntun á sì gbẹ. Tó bá dẹ̀ jù, mo ti dúró tán kí iná tó tàn.

Mo bi í bóyá kí n kúkú fi iná LED sí i, àwọn aláràbarà tó ń ṣẹ́jú yẹn. Ó ní LED dáa: kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì ń tàn lójú ẹsẹ̀, nígbà tí òwú gílóòbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Òótọ́ ló sọ. Òwú yẹn lè gba ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó tàn tán, ọkọ̀ tó sì ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí ti rin mítà mẹ́ta lé kó tó dìgbà yẹn. Mítà mẹ́ta ni mo nílò lálẹ́ ọjọ́ òjò yẹn. "Àmọ́ pupa ni kó o rà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àwọn tó ń tan búlúù àti àwọ̀ ewé lẹ́yìn, ijó ni wọ́n ń jó. Ará ẹ̀yìn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Mo ra pupa. Nígbà tí mo délé, mo fi ẹ̀yìn máṣíìnì sún mọ́ ògiri, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn. Mo tẹ ti ọwọ́, ògiri pọ́n. Mo tẹ ti ẹsẹ̀, ó pọ́n. Ọmọ alájọgbé wa kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń wo ẹ̀yìn mi. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti ń gbé máṣíìnì jáde láàárọ̀, òun ló máa ń sáré lọ dúró sẹ́yìn, á pariwo, "Ó tàn, bọ̀ọ̀dá!" kí n tó jáde ní géètì.